Ẹ̀rọ Pupa Kápútéènì

Ọdún 1972, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀ kó máa gba apá ọ̀tún, ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Òkè Bọ́là, Ìbàdàn, pé kó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Ìta, lábẹ́ páànù, la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Rédíò onígi, rédíògíráàmù, fáànù, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, kò sí ohun tó ń jẹ iná tí wọn kì í gbé wá bá wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé yàtọ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ àwọn onílù. Wọ́n á ti fi òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú ṣeré, ohunkóhun tó bá sì dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú agbo, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e bọ̀, pẹ̀lú ojú tó wú fún àìsùn àti ohùn tó ti há.

Anpilifáyà ni wọ́n sábà ń gbé wá. Kì í ṣe irú èyí tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ kan gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì lóde òní o. Onífáàfù ni: àpótí onígi tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń bá a jà kó tó kúrò nílẹ̀, sípíkà ńláńlá níwájú, fáàfù tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn, àti ooru tó lè yan àgbàdo.

Kí Ọ̀gá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn, ohun tí kì í tètè kú ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó fa wáyà yọ lára ògiri, ó ṣí ẹ̀yìn anpilifáyà kan, ó gbé ẹnu míta lé kọ́ndẹ́ńsà ńlá kan tó wà nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ míta fò kọjá 300 fóòtì. Iná ti kúrò lára ògiri, àmọ́ kò kúrò nínú ẹ̀rọ. Ó wá mú rẹsítọ̀ gbọ̀ngbọ̀ kan tó ti dè mọ́ igi, ó so ẹnu wáyà rẹ̀ kan mọ́ ṣáṣì, ó fi ẹnu kejì kan kọ́ndẹ́ńsà, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń rọra wálẹ̀: 200, 100, 40. Mo nawọ́.

"Ó ti kú?" ló bi mí.

"Ó ti ń kú, sà."

"Ohun tó ń kú kò tíì kú. Ọwọ́ òsì rẹ dà?"

Mo sáré tì í bọ àpò ṣòkòtò. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn: bí ẹ̀rọ bá ti ṣí, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, èkejì wà lápò, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé kó la àyà kọjá sí ọwọ́ kejì. Irun orí mi ti funfun báyìí, síbẹ̀ ọwọ́ òsì mi ṣì máa ń wá àpò lọ fúnra rẹ̀ bí mo bá ti rí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tó ń gbọ́ jùjú lónìí lè má ro ti anpilifáyà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló tún orin náà dá. Kí Àyìndé Bákàrè tó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ ní 1949, ẹgbẹ́ onílù kò lè pọ̀ jù, torí bí ìlù bá ti pọ̀, gìtá á rì. Ìgbà tí gìtá wá lè pariwo tó ìlù ni gángan ráyè dúró dáadáa, tí àkúbà ń wọlé, tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lé e, tí gìtá pàápàá di méjì, tó di mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá ní 1963, jùjú ti kúrò ní orin ẹni mẹ́rin tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ọtí. Ní tèmi, láyé tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, olórí ẹgbẹ́ tí kò bá ní anpilifáyà tirẹ̀, ó ń jẹ gbèsè nítorí ẹ̀ ni.

Oríṣiríṣi la rí. Selmer wà, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Charing Cross Road ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Òmíràn nínú wọn gbé awọ tó jọ ti ọ̀nì wọ̀, àwọn onílù sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Watkins wà, iṣẹ́ Charlie Watkins, ẹni tó tún ṣe Copicat, ẹ̀rọ tó ń fi téèpù pe ohùn padà, tó ti wà lórí àtẹ láti 1958. Fender kò wọ́pọ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, iná bíi 110 fóòtì ló sì mọ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì kì í bọ iná tiwa láìgbé tiransifọ́mà sáàárín, èéfín ló máa fi gbọ́.

Èyí tí gbogbo wọn ń fojú sí ni Vox AC30. Ilé-iṣẹ́ Tom Jennings ní Dartford, ní Kent, ló ń ṣe é, Dick Denney ló sì gbé e kalẹ̀. AC15 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ní 1958. Nígbà tí wáàtì 15 kò ran ẹgbẹ́ olórin Shadows mọ́ nínú gbọ̀ngàn tó kún fún ariwo, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: fáàfù EL84 mẹ́rin dípò méjì, sípíkà Celestion méjì tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, AC30 dé. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe é ní oníhò mẹ́fà, méjì méjì fún ọ̀nà mẹ́ta. Ní ìlú òyìnbó, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń lo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, àní-àní kò sí ńbẹ̀: gìtá àkọ́kọ́, gìtá kejì, gìtá tẹ́nọ̀, maikirofóònù olórí ẹgbẹ́, maikirofóònù àwọn elégbè, bí ihò kan bá sì ṣẹ́kù, ẹnì kan á wá nǹkan kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọmọkùnrin kan pẹ̀lú gìtá kan ló ń gbé odindi ẹgbẹ́ láti alẹ́ di òwúrọ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí AC30 bá wa mu. EL84 yẹn, fáàfù rédíògíráàmù ni. Bí rédíògíráàmù onílé kan bá ti kú tí kò ṣe é tún ṣe mọ́, Ọ̀gá á ra òkú rẹ̀, á yọ fáàfù ara rẹ̀, á yẹ̀ wọ́n wò, á sì fi wọ́n sínú páálí tó kún fún òwú. Inú páálí yẹn ni ohùn jùjú Ìbàdàn ń gbé, bí ẹ bá bi mí.

Onílé tó kángun sí wa ló ni AC30 tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kápútéènì ni gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, bí wọ́n ṣe máa ń pe olórí ẹgbẹ́ nígbà náà, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ onígìtá háíláìfù kan ló ti rà á ní 1966, nígbà tí ìlú dàrú tí ọ̀pọ̀ onílù tó jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn ń kó ẹrù wọn padà sílé. Ọ̀gá ní ọkùnrin náà kò fẹ́ tà á, pé ṣe ló jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó ọkọ̀ ló kù tó fi gbà láti tà.

Kápútéènì fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ó ń bo ẹnu sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. "Ọ̀gá, mo fẹ́ kó yanu."

Ibi tí jùjú àti ìlú òyìnbó ti pínyà nìyẹn. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, àwọn onígìtá Lọ́ńdọ̀nù ń wá bí anpilifáyà ṣe máa fọ́ lóhùn. Jim Marshall, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Hanwell, ti wo iṣẹ́ inú Fender Bassman, ó fi ṣe JTM45 ní 1962. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe oníwáàtì 100, wọ́n sì ń yí i débi tí ohùn gìtá fi ń ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ìyẹn sì ń dùn mọ́ wọn. Onígìtá jùjú tí ohùn bá ya mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀gàn ló gbà. Gìtá mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn, ẹ̀kẹta ń tò ó pọ̀, gángan sì ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láàárín. Bí ohùn bá ti fọ́, wọ́n á dà rú mọ́ra, ẹni tí wọ́n ń kì kò ní gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀, kò sì ní nawọ́ sápò. Owó wà lára ohùn tó mọ́.

Torí náà, gbogbo ohun tí Ọ̀gá ṣe sí AC30 Kápútéènì, kí ohùn lè mọ́, kó sì yanu, ni. Ó kọ́kọ́ yọ ọ̀kan nínú àwọn ECC83, ó fi ECC81 rọ́pò rẹ̀. Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, àmọ́ ECC83 máa ń gbé ohùn ga tó ìlọ́po 100 nígbà tí ti ECC81 ń dúró sí nǹkan bí 60. Ó túmọ̀ sí pé èèyàn lè yí fólúùmù lọ jìnnà kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Èyí kò tó Kápútéènì. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó dé láti òkè òkun pé àwọn ará Dartford ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Top Boost: fáàfù kan ní àfikún, pẹ̀lú nọ́ọ̀bù méjì, ọ̀kan fún tírébù, ọ̀kan fún béèsì, tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn AC30 fún ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n tó wá ń kọ́ ọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́. A kò rí i rà. Ọ̀gá ní kò burú, bí wọn ò bá tà á fún wa, a ó ṣe é. Ó rí àwòrán rẹ̀ yá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé rédíò, ó fi pẹ́ńsù yà á sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó sì dá ìwé olówó padà.

Iṣẹ́ yẹn ni mo ti dá ẹ̀kọ́ mọ̀. Ọ̀gá gé àlùmíníọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, ó lu ihò fáàfù kan àti ihò nọ́ọ̀bù méjì sí i. Ohùn gìtá á wọ apá kìíní ECC83, yóò ga sí i. Apá kejì á gbà á, kò ní gbé e ga mọ́, agbára tí yóò fi wakọ̀ àwọn nọ́ọ̀bù ló máa fún un. Kọ́ndẹ́ńsà tín-ín-rín kan, 50 píkò péré, ló ń ya ohùn tó mú sọ́tọ̀ fún tírébù. Àwọn méjì tó tóbi jù ú lọ ń ṣe ti ìsàlẹ̀. Rédíò tó ti kú la ti yọ gbogbo wọn. Bó bá fẹ́ jó wáyà mọ́ ojú ibi kan, Ọ̀gá máa ń yí i ká ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fi imú pílíásì tẹ̀ ẹ́ pa, kí léèdì tó kàn án. Ó ní léèdì kì í di nǹkan mú, ṣe ló ń bá a dì í mú. Àwọn ọmọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀ wọ́n mọ́ iṣẹ́ wọn.

Alẹ́ ni wọ́n wá gbọ́ ọ. Kápútéènì kò fọwọ́ kan gìtá. Ó ní kí ọmọ tó ń ta tẹ́nọ̀ jókòó, òun wá rìn lọ sí òdìkejì títì, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá oníyán. Ọ̀gá ń wo míta, Kápútéènì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe láti òkèèrè: ẹ fi kún un, ẹ dín in kù. Míta ní ohun gbogbo ti pé. Kápútéènì ní kò pé. Ó kọjá títì padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gángan náà bẹ̀rẹ̀." Wọ́n lu gángan. Gìtá náà gba àárín ìlù kọjá, ó jáde sókè bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyá oníyán fi ọmọrí sílẹ̀. Ìgbà náà ni Ọ̀gá pa míta.

Àwọn nǹkan mìíràn tí Ọ̀gá ṣe, kò wù ú, àìsí ló mú un ṣe é. GZ34, fáàfù tó ń sọ iná di ọlọ́nà kan, kú lọ́jọ́ kan, a ò sì rí òmíràn, torí rédíògíráàmù kì í sábà lo irú rẹ̀. Ọ̀gá fi díóòdù sílíkọ́ọ̀nù méjì dípò rẹ̀. Díóòdù kì í jẹ nínú fóòtì bí fáàfù ṣe ń jẹ, torí náà fóòtì inú ẹ̀rọ ga ju ti tẹ́lẹ̀, ó di dandan kó fi rẹsítọ̀ ńlá kan dá a dúró lọ́nà. Sípíkà kan ya. A fi gọ́ọ̀mù àti bébà lẹ̀ ẹ́, nígbà tó tún ya a fi òmíràn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ sípò. Ooru tún wà, ìyẹn kì í ṣe ti àìsí. AC30 láti ìlú òtútù máa ń gbóná gan-an ní ti ara rẹ̀, EL84 inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára wọn láti Dartford wá; ẹ wá gbé e sábẹ́ tàpólì ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí jẹnẹrétọ̀ tó ń mí sókè mí sódò máa wakọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Rẹsítọ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn EL84 náà, nǹkan bí 50 óòmù ni. Ọ̀gá sọ ọ́ di 82 kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Agbára dín kù táṣẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, fáàfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́.

Nígbà tí owó Údojì dé ní 1975, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ìbàdàn yí padà. Òkú tí wọ́n ti sin tipẹ́, wọ́n ń tún un sin. Kápútéènì ń ṣeré ní Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣeré ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì sọ pé ẹ̀rọ òun ti ṣá lójú agbo ọlọ́lá. Ó gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò, wọ́n bó awọ dúdú rẹ̀, wọ́n fi rẹ́síìnì pupa fòò bò ó, ayàwòrán kan sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ọ̀gá wò ó títí. "Kò sóhun tó ṣe ohùn," ló wí, ìyẹn nìkan ló sì sọ.

Owó kan náà yẹn ló kó anpilifáyà tàǹsítọ̀ dé, olóríṣiríṣi, tó fúyẹ́, tí kì í gbóná, tí wáàtì rẹ̀ pọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ àwọn onífáàfù ti wọ àká. Mo gbòmìnira, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, nígbà tí ọjà kò sì dára mọ́ láàárín ọdún 1980 sí 1989, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ni mo ń tún ṣe níbẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí i pé AC30 tí a rò pé ayé ti gbàgbé, ó ti di ohun àrà. Brian May ti ẹgbẹ́ Queen ń to tirẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti ka nọ́ńbà ara kọ́ndẹ́ńsà kí wọ́n tó dá owó lé e. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan kan, owó á wálẹ̀. Èyí tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn, tó wà nínú yàrá ẹnì kan láti 1964 tí wọn ò fi ṣeré rárá, òun ló wọ́n jù.

Mo padà sílé. Kápútéènì ti kú, Ọ̀gá náà ti kú. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí Kápútéènì pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ bàbá wa wà nínú sítọ̀. Ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà á. Ó ní kí ẹ bá wa wò ó bóyá ó ṣe é tún ṣe."

Lábẹ́ àpò gàrí òfìfo àti ìjókòó mọ́tò kan ni mo ti bá a. Àwọ̀ pupa náà ti di àwọ̀ ilẹ̀. Aáyán ti yé ẹyin sí gbogbo igun, eku ti jẹ etí sípíkà kan. Wáyà rẹ̀ ti gan, rọ́bà ara rẹ̀ ń rún sọ́wọ́: pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó yí i sí búráùn àti búlúù ní nǹkan bí 1970. Ẹnì kan, kì í sì í ṣe Ọ̀gá, ti gé àwọ̀ ewé dànù. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ tó bá ń kùn, bí wọ́n bá gé wáyà ilẹ̀, ìkùn náà lè dákẹ́. Iná tó bá wá bọ́ sára ṣáṣì, ètè ẹni tó ń kọrin nídìí maikirofóònù ni yóò gbà lọ. Wáyà tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ fi sí i, kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀rọ tó ti sùn tó bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í kì í bọ iná tààrà. Mo yọ gbogbo fáàfù, mo fi gílóòbù oníwáàtì 100 sójú ọ̀nà iná; bí nǹkan bá ti pàdé ara wọn nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn rokoṣo, á sì gbé ìyà náà jẹ. Ó pọ́n díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀: tiransifọ́mà yè. Mo dúpẹ́, torí òun ni ohun tó ṣòroó rí jù. Àwọn kọ́ndẹ́ńsà ńlá ti gbẹ, orí ọ̀kan ti wú. Wọ́n kúrò lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ìtàn bẹ̀ mí nítorí wọn. Rẹsítọ̀ tí wọ́n kọ 220 kílò-óòmù sí lára, míta ka ohun tó súnmọ́ 300. Àwọn kọ́ndẹ́ńsà kéékèèké tó yẹ kí wọ́n ti fóòtì ńlá mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n jẹ́ kí ohùn nìkan kọjá sọ́dọ̀ EL84, méjì ń jò. Bí wọ́n bá jò, fóòtì á tú sẹ́nu fáàfù, fáàfù á fa iná kọjá ààlà, irin inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ bá wò ó lókùnkùn, lẹ́yìn náà ó dìgbóṣe. Ọ̀pọ̀ fáàfù tí wọ́n ń dá lẹ́bi láyé ìgbà yẹn, kọ́ndẹ́ńsà kan tó jẹ́ kọ́bọ̀ ló pa wọ́n.

Ìgbà tí mo dé ìdí Top Boost ni mo dúró. Àlùmíníọ́ọ̀mù náà rèé, pẹ̀lú ojú fáìlì tí kò fi bẹ́ẹ̀ gún. Wáyà kọ̀ọ̀kan yí ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa, léèdì bò ó. Mo wọn gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó tú.

Mo pe ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù náà, mo ṣàlàyé. Ó mọ iṣẹ́ o, mi ò ní bú u. Ó ní kí n yọ ohun tí Ọ̀gá kọ́ sí i, kí n dí ihò rẹ̀, kí n bó rẹ́síìnì pupa, òun á fi awọ tó bá ti Dartford mu ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ kó padà sí bó ṣe wà. Mo bi í pé bó ṣe wà ní ọdún wo? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọdún tí wọ́n ṣe é ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún tí wọ́n ṣe é, kò tíì ṣe ohunkóhun. Kò tíì ki ẹnikẹ́ni, kò tíì gba owó níwájú orí ẹnikẹ́ni, kò ju ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí a ṣe sí i ló yẹ ká fi sílẹ̀, ibi tí mo sì fi ààlà sí nìyí: ohun tí àìsí mú Ọ̀gá ṣe, mo tú u, ohun tí etí mú un ṣe, mo fi í síbẹ̀. Díóòdù jáde, GZ34 wọlé padà, torí Ọ̀gá ìbá ti fi GZ34 sí i ká ní ó rí i rà. Sípíkà tó ṣàjèjì jáde pẹ̀lú, ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá mi rí Celestion tó bá èkejì mu. EL84 tuntun ti Slovakia ni mo lò, èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n Top Boost wà níbẹ̀. ECC81 wà níbẹ̀. 82 óòmù náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ló fà á. Mo rò pé àwọn ará Dartford ni ìbá kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, ká ní wọ́n gbé Ìbàdàn. Àwọ̀ pupa, mo fi omi ọṣẹ àti aṣọ fọ̀ ọ́ títí orúkọ ẹgbẹ́ fi jáde.

Mo lọ wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tó ṣì ń ta gìtá. Ọwọ́ rẹ̀ ti le díẹ̀, àmọ́ ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Kápútéènì jókòó sí pálọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Ó ta á jẹ́jẹ́, ó wá yí tírébù síwájú, ohùn náà sì yanu. Èyí àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ, tí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà, ní òun rò pé rẹ́kọ́ọ̀dù ló bà jẹ́ tí gìtá bàbá àwọn fi máa ń dún báyẹn, àṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin náà yọ nínú owó tó dá lé e tẹ́lẹ̀, ó ní nítorí ihò ẹ̀yìn àti nítorí rẹ́síìnì. Àwọn ọmọ ṣèpàdé lé e lórí. Ọ̀kan ní kí wọ́n tà á bẹ́ẹ̀, owó lowó ń jẹ́. Obìnrin àárín wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ti ń bèèrè rẹ̀ fún ìsìn ọdún, wọ́n á sì sanwó ìyálò. Àkọ́bí kò sọ̀rọ̀ títí gbogbo wọn fi sọ tẹnu wọn tán. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé iye tó kọ́kọ́ dá, owó ẹ̀rọ nìyẹn. Ti àwọ̀ pupa wà lọ́tọ̀."